Orí Kẹfà: Ààbọ̀ Ọjọ́ Lórí Òkè Ìdànrè

Ní ọdún 1949, dókítà kan ní Ìlú Ọba, Jerry Morris, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ti London. Ohun tó ń wá ni ìdí tí àìsàn ọkàn fi ń pa àwọn ọkùnrin tí wọn kò tíì darúgbó. Ọgbọ́n tó dá rọrùn. Dẹrẹ́bà àti kọ̀ńdọ́ jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ kan náà, wọ́n jọ ń tètè jí, wọ́n sì jọ ń fa èéfín ìgboro kan náà símú. Ìyàtọ̀ tó hàn láàárín wọn ni pé dẹrẹ́bà jókòó ní tirẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ṣùgbọ́n kọ̀ńdọ́ ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, torí èrò wà lájà òkè, èrò wà nísàlẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí owó ọkọ̀ ẹnì kankan bọ́. Lójoojúmọ́, kọ̀ńdọ́ a máa gun àtẹ̀gùn tó tó 500 sí 750.

Àbájáde ìwádìí náà jáde nínú The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, lọ́dún 1953. Àìsàn ọkàn kì í tètè kọlu kọ̀ńdọ́ bó ṣe ń kọlu dẹrẹ́bà. Bó bá sì kọlù ú, kì í sábà le tó ti dẹrẹ́bà. Ẹnì kan lè sọ pé bóyá àwọn tó ti sanra tẹ́lẹ̀ ló ń lọ ṣiṣẹ́ dẹrẹ́bà. Morris àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ronú kan èyí náà. Wọ́n lọ yẹ ìwọ̀n ìbàdí ṣòkòtò iṣẹ́ tí wọ́n ń rán fún àwọn ọkùnrin náà wò. Lóòótọ́, ìbàdí àwọn dẹrẹ́bà fẹ̀ ju ti àwọn kọ̀ńdọ́ lọ. Síbẹ̀, yálà kọ̀ńdọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni tàbí ó sanra, ewu tirẹ̀ ṣì kéré sí ti dẹrẹ́bà tí wọ́n jọ tóbi bákan náà. Morris fúnra rẹ̀ pé ẹni ọdún 99 kó tó jáde láyé lọ́dún 2009.

Ọ̀pọ̀ wa lónìí ti di dẹrẹ́bà inú ìwádìí yẹn, bí a ò tiẹ̀ mọ ọkọ̀ wà. Òṣìṣẹ́ báńkì jókòó, ẹni tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù jókòó, akẹ́kọ̀ọ́ jókòó, bí gbogbo wọn bá sì délé tán, wọ́n tún jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 ṣe eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n lọ́sẹ̀, tàbí ìṣẹ́jú 75 sí 150 bó bá jẹ́ èyí tó le. Ọ̀pọ̀ wa kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò pọn dandan kó náni lówó ńlá. Òkè wà nílẹ̀ wa, mọ́tò sì ń ná ọ̀nà rẹ̀. Òkè Ìdànrè ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ nínú orí yìí, torí àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600: iye tí kọ̀ńdọ́ London ń gùn lóòjọ́ ni èèyàn ń gùn níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú títí dé òpin ni pé gígun òkè ń kọ́ ọkàn níṣẹ́, sísọ̀ kalẹ̀ ń kọ́ itan níṣẹ́, ara sì nílò méjèèjì.

Láti gáréèjì dé ìdí òkè

Ìdànrè wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, nǹkan bí kìlómítà 24 sí Àkúrẹ́. Ẹni tó ń gbé Àkúrẹ́ lè lọ kó sì padà dé kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn tàbí Èkó yóò ṣe dáadáa bó bá sùn sí Àkúrẹ́ mọ́jú, torí òkè kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gùn lẹ́yìn tó ti ká ẹsẹ̀ kò nínú bọ́ọ̀sì fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ẹ jí dé gáréèjì, kí ẹ béèrè mọ́tò Ìdànrè. Takisí àti bọ́ọ̀sì kékeré ló ń ná ọ̀nà náà. Wọn kì í wo aago kí wọ́n tó gbéra. Bí èrò bá ti pé, ó parí, èrò sì tètè máa ń pé láàárọ̀. Oko kòkó ni ẹ ó máa rí lọ́tùn-ún lósì, torí Ìdànrè jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára àwọn ìlú tí kòkó ti ń jáde ní Nàìjíríà. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí àwọn àpáta ràgàjì-ràgàjì tí wọ́n yọrí lókè igi. Ẹ wí fún dẹrẹ́bà pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dúró níbi tí a ti máa lọ sí ìdí òkè." Bí mọ́tò bá já yín sílẹ̀ lójú títì, ọ̀kadà á gbé yín dé ẹnu géètì.

Ẹ ṣètò rẹ̀ báyìí: kí ẹ kúrò ní Àkúrẹ́ láàárín aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje, kí ẹ fi nǹkan bíi wákàtí kan gòkè pẹ̀lú ìsinmi, kí ẹ lo wákàtí méjì lókè, kí ẹ fara balẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí oòrùn ọ̀sán tó kanrí. Ẹ san owó ìwọlé, kí ẹ sì gba afinimọ̀nà. Ọmọ ìlú ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, wọ́n mọ ibi tí àpáta ti ń yọ̀ àti ibi tí àlejò kò gbọ́dọ̀ tẹ̀.

Nígbà tí èémí bá ń gé

Àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ máa ń rọrùn lójú. Ẹlòmíì á fẹ́ máa gbé ìpele méjì-méjì. Kó tó dé ìkọgọ́rùn-ún, ohùn rẹ̀ á ti yí padà. Kò ní lè sọ gbólóhùn kan délẹ̀ láìmí lágbedeméjì. Ó lè rò pé afẹ́fẹ́ ló dín kù nítorí gíga. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tó ga jù lọ láàárín àwọn òkè Ìdànrè kò ju nǹkan bí mítà 900 lọ sójú òkun, àìsàn tí gíga ń fà kì í sábà bẹ̀rẹ̀ kí èèyàn tó dé nǹkan bí mítà 2,500. Iṣẹ́ ara ló ń gé èémí yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ náà. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹsẹ̀ ń ti ara síwájú, kò fi bẹ́ẹ̀ gbé e sókè. Lórí àtẹ̀gùn, gbogbo ìwọ̀n ara ni iṣan itan àti ti ìdí ń gbé sókè, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kan sí i, nígbà 600. Iṣan wọ̀nyí ló tóbi jù lọ lára èèyàn. Bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń béèrè ọ́síjìn púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń gbé ọ́síjìn náà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọkàn ní láti sáré sí i, kó sì máa ti ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ jáde ní ìlù kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró kì í bá iṣan dé ojú iṣẹ́ lẹ́sẹ̀ kan náà. Ó tó ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta kí wọ́n tó bá a. Láàárín àkókò yẹn, iṣan ń jẹ gbèsè. Ẹni tó bá sáré bẹ̀rẹ̀ jẹ gbèsè tó pọ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń jókòó sílẹ̀ kó tó dé ibi ìsinmi àkọ́kọ́. Ẹ̀sọ̀, ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi, ìmọ̀ ìṣègùn sì gbè é lẹ́yìn.

Ọ̀nà méjì wà láti mọ̀ bóyá ẹ ń ṣe jù. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ sísọ. Bí ẹ bá lè bá ara yín sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ ò lè kọrin, iṣẹ́ náà mọ níwọ̀n. Bí ẹ ò bá lè sọ ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ kí ẹ tó mí, iṣẹ́ ti le. Bí ọ̀rọ̀ ò bá lè jáde rárá, ẹ dúró. Èkejì ni kíka ìlù ọkàn. Ẹ fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ níhà àtàǹpàkò, kí ẹ kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kí ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ yọ ọjọ́ orí yín kúrò nínú 220. Ohun tó kù ni òdiwọ̀n tí ọkàn lè sá dé jù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń yàtọ̀ díẹ̀ láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíì. Fún ẹni ọdún 45, ó jẹ́ 175. Ìdajì rẹ̀ sí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn nǹkan bí 88 sí 122, ni iṣẹ́ tó mọ níwọ̀n. Àtẹ̀gùn Ìdànrè á tètè gbé ẹni tí kì í rìn kọjá ibẹ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe ibi ìsinmi sójú ọ̀nà. Ẹ lo gbogbo wọn. Ẹ jókòó, ẹ mu omi díẹ̀, kí ẹ tún ka ìlù ọkàn yín. Bó bá ti wálẹ̀ dáadáa, ẹ dìde.

Kí ni èèyàn wá ń jẹ lérè? Bí ìpele kọ̀ọ̀kan bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 17, àtẹ̀gùn 600 jẹ́ mítà 102. Cocoa House tó wà ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn, tí ó ní àjà 26, ga tó mítà 105. Ẹni tó bá gun òkè yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun Cocoa House láti ìsàlẹ̀ dé ṣóńṣó orí. Bí ẹni náà bá wúwo tó kílò 70, gbígbé ara sókè yẹn yóò ná an ní nǹkan bíi kálórì 67, èyí tí kò ju kálórì tó wà nínú ẹyin kan lọ. Mo sọ èyí gbangba kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọjọ́ kan lórí òkè á yọ ikùn tó ti ń yọ bọ̀ láti ọdún mẹ́wàá. Èrè rẹ̀ wà lára ọkàn, lára òpójẹ̀, lára iṣan. Ọkàn tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí déédéé á máa ti ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò ní máa sáré bí òṣìṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò kọ́. Òpójẹ̀ á máa dẹ̀ nígbà tó yẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru á sì máa wálẹ̀. Ẹ kọ iye ìlù ọkàn tí ẹ kà sílẹ̀ ní ibi ìsinmi kan náà nígbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá lọ. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, ẹ ó rí i pé ó ń dín kù. Kò sí ẹ̀rí tó ju ìyẹn lọ.

Ọ̀rọ̀ òógùn náà wà níbẹ̀. Nínú gbogbo agbára tí iṣan ń lò, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń di iṣẹ́. Ìdá mẹ́ta yòókù ń di ooru. Ara ń fi òógùn lé ooru náà jáde: lítà òógùn kan tó bá gbẹ lára ń gbé ooru tó tó kálórì 580 lọ. Ṣùgbọ́n kó tó lè gbé e lọ, ó gbọ́dọ̀ gbẹ. Òógùn tó ń kán sílẹ̀ kò tu ara. Èyí tó gbẹ lára ló ń tù ú. Nígbà òjò, tí ọ̀rinrin bá kún inú afẹ́fẹ́, òógùn kì í gbẹ bọ̀rọ̀, ooru á wá há sínú ara. Ìdí nìyí tí òwúrọ̀ fi ju ọ̀sán lọ, tí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì fi ju ṣòkòtò jíǹsì lọ.

Àpáta tí ẹ ń tẹ̀

Ẹ má kàn gun òkè yìí láìwo ohun tí ẹ ń tẹ̀. Àpáta gíráníìtì ni. Ooru inú ilẹ̀ ló yọ́ ọ, ó sì tutù díẹ̀díẹ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn. Nítorí pé ó pẹ́ kó tó tutù, àwọn hóró inú rẹ̀ rí àyè dàgbà. Ẹ lè fojú rí wọn, àwọn kan funfun, àwọn kan pupa rẹ́súrẹ́sú, wọ́n tò síbẹ̀ láàárín hóró dúdú wínníwínní. Bí òjò àti ẹ̀fúùfù ti ń wọ́ ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ lọ fún àìmọye ọdún, àpáta náà yọrí jáde. Bí ẹrù ilẹ̀ sì ti kúrò lórí rẹ̀, ó ń fẹ̀ díẹ̀, ó ń sán, ó sì ń bó ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ. Bíbó yẹn ló sọ orí àwọn òkè Ìdànrè di róbótó.

Ẹ ó rí ìlà dúdú gbọọrọ tó wálẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ lára àpáta. Ojú ọ̀nà omi ni. Níbi tí omi òjò bá ń gbà kọjá ni àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín ti ń gbilẹ̀, àwọn ló sì ń sọ àpáta náà di dúdú. Bí ibẹ̀ bá gbẹ, kò sí wàhálà. Bó bá tutù, ó ń yọ̀ gan-an, ibẹ̀ ni èèyàn sì ti ń ṣubú. Ẹ má tẹ ìlà dúdú tó tutù.

Lára irú àpáta tútù bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọ́ kan ń gbé tí wọn kò tíì rí níbòmíì láyé yàtọ̀ sí àwọn òkè Ìdànrè. Sclerophrys perreti ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ọdún 1963 ni Schiøtz, onímọ̀ ará Denmark, kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́ fún ohun tó lé ní 40 ọdún kí wọ́n tó tún rí i. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó ṣì ní ìrù kì í gbé inú odò bíi ti ọ̀pọ̀lọ́ yòókù. Ara àpáta tí omi fẹ́ẹ́rẹ́ ń ṣàn lórí rẹ̀ ni wọ́n lẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá jókòó láti sinmi nígbà òjò, ẹ wo ara àpáta tó ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín dáadáa, kí ẹ má sì fọwọ́ kan ohun tí ẹ bá rí. Ẹ̀dá tí òkè kan ṣoṣo ni ilé rẹ̀ kò níbi tó lè sá sí bí a bá ba ilé náà jẹ́.

Ìlú tó wà lókè

Lẹ́yìn àtẹ̀gùn, ilẹ̀ á tẹ́jú díẹ̀ láàárín àwọn àpáta, ẹ ó sì bá ara yín nínú ìlú àtijọ́. Ibí ni àwọn ará Ìdànrè gbé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, òkè ló sì dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ ogun. Láti àwọn ọdún 1920 ni wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ ìlú tó wà nísàlẹ̀ dó. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba ìlú náà, ṣì wà níbẹ̀, ilé ẹjọ́ wà níbẹ̀, ilé agogo náà wà níbẹ̀. Omi Àpáàrá àti ojú ẹsẹ̀ Agboògùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ará ìlú ní kò sí bí ẹsẹ̀ èèyàn ṣe lè tóbi tàbí kéré tó, yóò bá ojú ẹsẹ̀ yẹn mu. Ní ọdún 2007, wọ́n fi òkè náà sínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé. Ibi ọ̀wọ̀ ni. Ojúbọ wà níbẹ̀, wọ́n sì ń ṣọdún Orósùn lóṣù Karùn-ún. Bí afinimọ̀nà bá ní kí ẹ má ya fọ́tò, ẹ fi fóònù sápò.

Ní ti ìlera, ìlú yìí kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ kan. Àwọn tó gbé ibẹ̀ kò ní ọjọ́ eré ìdárayá. Igi ìdáná, iṣu, ọmọ ẹ̀yìn, gbogbo ohun tó bá ti ìsàlẹ̀ wá, ẹsẹ̀ èèyàn ló ń gbé e gòkè. Ọkùnrin ń gun, obìnrin ń gun, ọmọdé ń gun. Lónìí, mọ́tò ń gbé wa dé ẹnu ọ̀nà ilé, a ò sì gbọ́dọ̀ ka ìyẹn sí ibi, torí ìnira àwọn baba wa pọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ìgbé ayé wọn ń bá ara wọn ṣe láìjẹ́ pé wọ́n ronú sí i, àwa ní láti yan ọjọ́ fún un.

Ẹ fẹsẹ̀ lọ káàkiri níbẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìrìn jẹ́jẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ líle ń jẹ́ kí ọkàn padà sípò díẹ̀díẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí òyì kọ́ yín. Ẹ jẹ nǹkan: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà, tàbí àkàrà àti ẹ̀kọ, ti tó.

Sísọ̀ kalẹ̀

Èrò ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé gígòkè niṣẹ́, sísọ̀ kalẹ̀ ni ìsinmi. Ní ti ọkàn àti èémí, òótọ́ ni. Ní ti itan, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ dúró lórí ìpele kan, kí ẹ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún wá ìpele tó wà nísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ni gbogbo ìwọ̀n ara wà lórí rẹ̀ báyìí. Orúnkún rẹ̀ ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ fọwọ́ lé iwájú itan òsì yẹn: ó le gbandi. Iṣan ibẹ̀ ń gùn sí i bí orúnkún ti ń tẹ̀, síbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dẹ̀, torí bó bá dẹ̀, èèyàn á ré lulẹ̀. Ó ń fà mọ́ra nígbà tí ìwọ̀n ara ń nà án. Irú iṣẹ́ báyìí kì í gba ọ́síjìn púpọ̀, ìdí nìyẹn tí èémí kì í fi í gé, àmọ́ ó máa ń ya àwọn fọ́nrán tíntìntín inú iṣan.

Yíya yẹn ló ń fa ìrora tó máa ń dé lọ́jọ́ kejì, tó sì máa ń le jù láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹta. Èèyàn á máa di ògiri mú kó tó lè jókòó. Kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe ohun kíkan tó ṣẹ́ kù sínú ẹ̀jẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń sọ; kò tó wákàtí méjì tí ara fi ń kó ìyẹn kúrò. Àtúnṣe ni ara ń ṣe. Bó bá tún un ṣe tán, iṣan náà á le ju ti tẹ́lẹ̀, bí ẹ bá sì padà sórí òkè láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìrora náà á kéré gan-an. Kí ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀ láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn sàn ju kí ẹ sùn gbalaja lọ. Bí ìrora bá kọjá àlà ṣá, tí itan wú, tí ìtọ̀ sì dúdú, ilé ìwòsàn ló kàn lójú ẹsẹ̀.

Àwọn dókítà kan ní Austria fi ọgbọ́n ya gígòkè àti sísọ̀ kalẹ̀ sọ́tọ̀. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn máa fẹsẹ̀ gun òkè kan fún oṣù méjì, kí ọkọ̀ orí wáyà sì máa gbé wọn sọ̀. Ní oṣù méjì mìíràn, wọ́n yí i padà: ọkọ̀ gbé wọn gòkè, wọ́n fẹsẹ̀ sọ̀. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2008, ọ̀rá búburú inú ẹ̀jẹ̀ dín kù ní ìgbà méjèèjì. Àmọ́ sísọ̀ kalẹ̀ ló jẹ́ kí ara kápá ṣúgà dáadáa. Nílẹ̀ wa tí àtọ̀gbẹ ń wọlé tọ ọ̀pọ̀ ìdílé yìí, èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtùnú: ẹni tí gígòkè ń dá lágara lè fi sísọ̀ kalẹ̀ àtẹ̀gùn bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá ń sọ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúkúrú. Ẹ jẹ́ kí orúnkún tẹ̀ díẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó kanlẹ̀. Ẹ má nà án gan-an. Bí irin ìdìmú bá wà, ẹ dì í mú. Ẹni tí orúnkún ń dùn lè gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí ìpele kan kó tó wá òmíràn, tàbí kó mú ọ̀pá dání. Ẹ má sáré. Ọ̀pọ̀ ìfarapa kì í ṣẹlẹ̀ nígbà tí a ń gòkè. Ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ó ti rẹ ẹsẹ̀, tí ojú sì ti wà lára mọ́tò tó ń padà sílé.

Ẹni tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò tíì wálẹ̀, ẹni tí àyà ń dùn nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹni tó ní ikọ́ fée, aboyún, àti ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀. Òǹgbẹ àti àárẹ̀ àpọ̀jù lè dá ìrora sílẹ̀ fún ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì gbọ́dọ̀ mú ohun dídùn dání, torí iṣẹ́ iṣan máa ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí àyà rẹ̀ bá fún pọ̀ lójú ọ̀nà, tí ìrora bá ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù bá bò ó, kó jókòó níbi tó wà, kí ẹ ránṣẹ́ pe ìrànlọ́wọ́, kí wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kò gbọ́dọ̀ sọ pé òun á kọ́kọ́ dé òkè.

Ẹ mú omi tó tó lítà kan àtààbọ̀ dání fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn píọ̀ wọ́tà mẹ́ta, kí ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀. Ẹ fi sílípáàsì sílé. Bí ẹ bá gbọ́ àrá, ẹ kúrò lórí àpáta gbalasa, kí ẹ má sì sá sábẹ́ igi tó dá dúró. Gbogbo ọ̀rá tí ẹ mú gòkè, ẹ mú un sọ̀.

Òkè tó sún mọ́ yín

Kì í ṣe Ìdànrè nìkan. Ará Èkó lè wọ ọkọ̀ ojú irin dé Abẹ́òkúta, kó sì fi Òkè Olúmọ bẹ̀rẹ̀, èyí tí kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Òkè Adó-Àwáyè wà fún àwọn ará Ìsẹ́yìn àti agbègbè rẹ̀, pẹ̀lú adágún Ìyàkẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn èèyàn wa ní Bẹ̀nẹ̀ ní òkè Ṣábẹ̀ àti òkè Ìdáàṣà, ojú ọ̀nà Cotonou sí Parakou ni méjèèjì wà. Àwọn tó wà ní London pàápàá lè wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Box Hill, tó ga ní mítà 224, kí wọ́n sì padà délé lọ́jọ́ kan náà. Ohun tí ara ń fẹ́ níbi gbogbo kò yàtọ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe dúró de ọdún tuntun tàbí ọjọ́ tí àyè máa gbà yín. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ń bọ̀, ẹ máa gun àtẹ̀gùn tó wà níbi iṣẹ́ tàbí ládùúgbò yín ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò, kí ẹ wá mú Sátidé kan lóṣù. Ẹ mú ọkọ tàbí aya dání, ẹ mú àwọn ọmọ dání. Ẹ wọ mọ́tò, ẹ gun òkè, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní àlàáfíà. Ìlera loògùn ọrọ̀.